Kí ni a ń pè ní ìṣègùn àfikún tàbí àfidípò, ta ló sì ń pín wọn sí ìsọ̀rí?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìlera (Ìbàdàn) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ìwádìí fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni mo ń ṣe lọ́wọ́, kókó tí mo sì mú ni àwọn ohun tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń lò mọ́ oògùn tí dókítà kọ fún wọn, tàbí tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Kí n tó lè bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, mo ní láti to àwọn ohun náà sí ìsọ̀rí nínú fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìpínsísọ̀rí márùn-ún tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ń lò tẹ́lẹ̀ ni olùkọ́ mi ní kí n tẹ̀ lé. Èkíní wà fún ètò ìṣègùn tó dá dúró lódindi, bíi Ayurveda ti Íńdíà àti ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà; èkejì wà fún ohun tó ń ti ọkàn wọ inú ara, bí àṣàrò àti àdúrà; ẹ̀kẹta wà fún ewé, egbò àti oúnjẹ; ẹ̀kẹrin wà fún títẹ ara àti títo eegun; ẹ̀karùn-ún sì wà fún ìtọ́jú àwọn tó gbà pé agbára kan ń ṣàn nínú ara tí ènìyàn lè darí. Lórí bébà, ó jọ pé kò sí ìtọ́jú tí kò ní rí ibi wọ̀ sí. Àmọ́ nígbà tí mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá ènìyàn díẹ̀ láti fi dán an wò, màmá kan tó ń ta èlùbọ́ sọ fún mi pé òun kì í lo ohunkóhun lẹ́yìn oògùn ilé ìwòsàn. Mo wá bi í léèrè ohun tó ti tẹnu bọ̀ láti àárọ̀, ó sì dáhùn pé òun fún ewúro mu, òun sì gba ife àgbo kan lọ́wọ́ alágbo tó ń kiri. Lójú tirẹ̀, ohun ẹnu ni ìyẹn, kò sí nínú ohun tí mo ń béèrè. Bàbá kan ní tirẹ̀ gbà pé òun ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ oníṣègùn: wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un, wọ́n fi ẹbu ra á, wọ́n pe ọfọ̀ sí i, wọ́n sì ka èèwọ̀ oúnjẹ fún un. Bí mo bá tẹ̀ lé ìwé, ìtọ́jú kan ṣoṣo yìí yóò fọ́n ká sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é fún bàbá náà ní ìjókòó kan, owó kan ni wọ́n sì san.

Nítorí náà, mo fẹ́ mọ ẹni tó ní àṣẹ láti pe ìtọ́jú kan ní àfikún tàbí àfidípò, àti ohun tí ó ń wò kí ó tó pè é bẹ́ẹ̀. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ rárá kí n kó ìṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá sábẹ́ orúkọ wọ̀nyí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ti wà nílẹ̀ kí ilé ìwòsàn kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa.

ApòògùnIfẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, àbúrò. Ohun tó dà yín láàmú yìí ló dà àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí yín láàmú, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ibẹ̀ kọjá.

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, David Eisenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. Àgbàlagbà 1,539 ni wọ́n fi fóònù bi léèrè ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Ìtọ́jú tí wọ́n kà sí èyí tí kò bá ti ìṣègùn àjùmọ̀gbà mu ni èyí tí a kì í sábà kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, tí a kì í sì í sábà rí ní àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ti lo ọ̀kan, ó kéré tán, láàárín ọdún kan. Ẹ wo ìtumọ̀ yẹn dáadáa. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú ìtọ́jú náà, kò sì sọ bóyá ó ń wo àrùn tàbí kò wò ó. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn gbà wọlé ló fi ń díwọ̀n. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi ẹ̀kọ́ kan kún ètò rẹ̀, ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ògiri lánàá ti wọlé nìyẹn, láìjẹ́ pé ewé kan ṣoṣo yí padà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́, nítorí kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà ti ń fi díẹ̀ lára àwọn ìtọ́jú náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Èyí tó kan iṣẹ́ yín jù ni ti ọdún 2002. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìlera àwọn ará ìlú, wọ́n sì béèrè nípa àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n ka àdúrà fún ìlera mọ́ wọn, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ó lò wọ́n láàárín ọdún kan. Nígbà tí wọ́n yọ àdúrà kúrò, ó já sí ìdá 36. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ìdáhùn kan náà ni. Ibi tí olùwádìí fa ilà sí nìkan ló yàtọ̀. Ẹ wá rò ó wò ní Ìbàdàn, níbi tí ẹni tó gba oògùn ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ ti lè wà ní orí òkè àdúrà lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Àjọ tí olùkọ́ yín tọ́ka sí pàápàá kò dúró lójú kan. Ọ́fíìsì kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ti ìṣègùn àfidípò ni wọ́n dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1992. Ó di àjọ tó dá dúró ní ọdún 1998, wọ́n sì fi àfikún kún orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n yọ àfidípò kúrò pátápátá, wọ́n fi ìṣègùn àjùmọ̀lò, ìyẹn lílo irú ìtọ́jú yìí pọ̀ mọ́ ti dókítà, rọ́pò rẹ̀. Ìsọ̀rí márùn-ún náà ti di ohun àtijọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà tí ìtọ́jú gbà wọnú ènìyàn ni wọ́n ń wò báyìí, bóyá nípa ohun jíjẹ àti mímu, nípa ọkàn, nípa ohun tí a ṣe sí ara, tàbí nípa àpapọ̀ wọn. Ẹ sọ fún olùkọ́ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn tó ni ìwé náà ti ṣí kúrò níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan ní ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé aṣòfin àgbà ibẹ̀, gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2000, wọ́n sì pín àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tó ti ní ètò ìkọ́ni àti ìṣàkóso tó dúró ṣinṣin ni wọ́n fi sí ipò kìíní, bí osteopathy àti chiropractic tó jẹ́ ti títẹ ara àti títo eegun, gígún abẹ́rẹ́ bíi ti àwọn ará Ṣáínà, ìṣègùn ewé àti homeopathy, èyí tó ń fi ìwọ̀n bíńtín ohun tó lè fa irú àìsàn kan wo àìsàn náà. Àwọn tó kàn ń tu aláìsàn lára ni wọ́n fi sí ipò kejì. Wọ́n wá kó Ayurveda àti ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà sí ipò kẹta, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ilé kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń fi òkúta dídán wo àìsàn. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi náà kò sì rí ìdí tí inú kò fi ní bí wọn: ara ìṣègùn Ṣáínà ni abẹ́rẹ́ gígún ti jáde, báwo ni ọmọ ṣe wà lókè tí ìyá rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀? Ohun tó fà á ni pé bí àwọn oníṣẹ́ náà ṣe ṣètò ara wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìgbìmọ̀ náà gbé lé ìwọ̀n ju bóyá ìtọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́ lọ.

Homeopathy ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ló dá a sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ní Íńdíà, ó wà lábẹ́ AYUSH, ilé-iṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, ó jókòó ti Ayurveda gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ìjọba ti ń náwó lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, NHS England sọ ní ọdún 2017 pé kí àwọn dókítà má ṣe kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́, nítorí kò sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún wo osteopathy: ní Amẹ́ríkà, dókítà pípé tó lè ṣiṣẹ́ abẹ, tó sì lè kọ oògùn, ni ẹni tó gboyè nínú rẹ̀; ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1993 dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe dókítà. Bí ẹ bá sì dé Japan, dókítà tó kọ́ ìṣègùn òyìnbó ló ń kọ oògùn ewé Kampo fún aláìsàn, owó ìdójútòfò ìlera ìjọba ló sì ń san án. Ta ni yóò wá pe ìyẹn ní àfidípò?

Fún ìbéèrè yín kejì, ìtumọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ló sún mọ́ òtítọ́ jù lójú mi. Ìṣègùn ìbílẹ̀, ní tiwọn, ni ìmọ̀ àti ìṣe tó ti inú èrò, ìgbàgbọ́ àti ìrírí àwọn ènìyàn kan jáde. Ìṣègùn àfikún sì ni èyí tí kì í ṣe àṣà orílẹ̀-èdè náà, tí kò sì tíì wọnú ètò ìlera tó gbòòrò jù níbẹ̀. Bí a bá fi èyí wọ̀n ọ́n, àgbo ní Ìbàdàn jẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀, abẹ́rẹ́ Ṣáínà ní Ìkẹjà jẹ́ àfikún, àgbo kan náà tí wọ́n gbé dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sì di àfikún níbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà tilẹ̀ fi òfin pín in: òfin ọdún 1982 ló ń ṣàkóso àwọn oní-homeopathy, Ayurveda àti irú wọn, òfin ọdún 2007 tó yàtọ̀ gédégédé sì wà fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó tiwa sábẹ́ àfidípò. Ẹ dá ojú ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sìÌlúỌba dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, nítorí wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í wo ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ kí a tó pè é ní àfikún tàbí àfidípò. Ohun tí aláìsàn fi ń ṣe ni à ń wò. Ẹni tó ń mu atalẹ̀ kí èébì lè rọ̀ ọ́ lójú nígbà tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, àfikún ló ń lò, a ó sì ràn án lọ́wọ́. Bí ẹni kejì bá mu atalẹ̀ kan náà, tó wá pa ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ jẹ nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé atalẹ̀ tó ó wò sàn, àfidípò ló lò, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò, ìsọ̀rí tí ẹ bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ewé kò lè sọ èyí fún yín. Ẹ ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó dín oògùn dókítà kù tàbí ó dá a dúró.

Ìjọba ibí tún ní ọ̀nà kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ta oògùn ewé fún àìsàn kéékèèké, ó lè gba àmì tí wọ́n ń pè ní THR láìní ẹ̀rí ìwádìí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Yóò fi hàn pé kò léwu, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é péye, àti pé ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn fún 30 ọdún, ó kéré tán. Iye ọdún ni wọ́n fi ń mọ ohun tó jẹ́ ìbílẹ̀. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní St John's wort wà lára àwọn tó ní àmì yìí, bẹ́ẹ̀ ó lè sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, di aláìlágbára nínú ara. Àmì náà kì í ṣe ìdí tí ènìyàn kò fi ní sọ fún dókítà rẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 1993 tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà, mo rántí pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo àwọn ìtọ́jú náà ni kò sọ fún dókítà wọn. Èyí ló ń ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn wa tó wà níbí máa ń gbé ìgò àgbo pamọ́ sínú báàgì bí ẹni gbé ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́, nítorí wọ́n ti mọ irú ojú tí wọn yóò fi wò wọ́n.

ỌmọOníṣègùn (Ìjẹ̀bú) dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ ìṣègùn ni bàbá mi fi tọ́ wa, èmi náà sì ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí dára, àmọ́ ìpínsísọ̀rí ti wà nínú iṣẹ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu bà á.

Oníṣègùn kì í ṣe babaláwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè ṣe méjèèjì. Babaláwo ń dífá kí ó tó mọ ohun tó fa àìsàn àti ohun tí a ó ṣe sí i. Oníṣègùn lè wo ojú, ahọ́n àti ìtọ̀ aláìsàn kí ó sì lọ já ewé. Ẹlẹ́wé ọmọ mọ ti ọmọdé. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ ti aboyún. Ẹni tó ń to eegun lè má mọ ewé ibà kankan. Lẹ́kulẹ́jà tó wà lọ́jà, títà ni tirẹ̀: yóò ta egbò, èèpo igi àti eegun ẹran fún ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò sì yẹ kí ó tọ́jú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń rẹ ewé sínú ògógóró ní gáréèjì tí wọ́n ń pè é ní àgbo jẹ̀dí wà lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn ní iṣẹ́. Tí fọ́ọ̀mù bá wá kó gbogbo wa sí àpótí kan ṣoṣo, ẹ̀bi ẹni tó rẹ ewé sínú ọtí ni yóò dórí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń se àgbo ibà nílé wa, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń pín sí ìsọ̀rí. Èèpo igi awọ́pa ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtalẹ̀ pupa, omi rẹ̀ sì korò. A ó kó o sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, a ó to ewé dongoyárò àti ewé ìbẹ́pẹ lé e, a ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, a ó da omi bò ó, a ó sì sè é títí omi yóò fi wọ́n díẹ̀. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a sè é nínú ìkòkò alumíníọ́mù. Àgbàlagbà ń mu ife kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́, ọmọdé kò gbọdọ̀ mu tó bẹ́ẹ̀, aboyún kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, èèwọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó lè dáhùn fún un bí ó bá burú sì wà níbẹ̀. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, àwọn kan sì kọ̀ láti jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ wọn wò rárá. Èyí kò dára, ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ti òfin Nàìjíríà, ìpín náà kò dọ́gba. Ìgbìmọ̀ MDCN tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ni òfin fi àwọn tó ń ṣe ìṣègùn àfidípò láti òkèèrè sí abẹ́ rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ Ṣáínà àti homeopathy. Àwọn bíi tiwa ń wá ìwé àṣẹ lọ sí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, bí irú èyí tó wà ní Èkó. Tí a bá gbé oògùn wa lọ sí NAFDAC, wọ́n lè fi sínú àkọsílẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí a sọ pé ó ń ṣe wò. Ẹni tó rà á rí nọ́ńbà náà, ó rò pé wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo àrùn.

Nígbà mìíràn, ohun tiwa máa ń kọjá sí òdìkejì ògiri. Àlùfáà Ògúnyalé, ẹni tó jogún ìmọ̀ oògùn fòníkú-fọ̀lá-dìde, gbé e fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIPRD ní Abuja. Iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ó sì di oògùn inú kápúsù tí wọ́n pè ní Niprisan. Bákan náà ni asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè: inú rẹ̀ àti inú ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ni èròjà reserpine wà, tí àwọn dókítà òyìnbó fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Ní ìgbà yẹn náà, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ń pe àwọn oníṣègùn wá bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arọ̀, l'Ábẹ́òkúta. Ó rí ìmọ̀ lára wọn, ó sì jókòó tì wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ni pé tí ewé bá ti wọ inú kápúsù, wọn kì í pe ẹni tó mú un wá mọ́.

ArááBàhíà dáhùn pé:

Mo kí yín láti Salvador, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ỌmọOníṣègùn fi parí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí mu. Ní ọdún 2006, ìjọba Brazil ṣe ètò tó mú ìṣègùn àfikún wọ ilé ìwòsàn ìjọba tí gbogbo ènìyàn ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtọ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lára wọn ni abẹ́rẹ́ Ṣáínà, homeopathy àti oògùn ewé. Ní ọdún 2017 àti 2018 wọ́n fi àwọn mìíràn kún un, títí ó fi di 29. Ayurveda wà níbẹ̀, Reiki láti Japan, tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn kí agbára lè ṣàn sí i, sì wà níbẹ̀.

Ilé òrìṣà Candomblé, ẹ̀sìn tí àwọn ọmọ Áfíríkà gbé dé Brazil, níbi tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ Yorùbá pe ewé, tí wọ́n sì ń kọrin Ọ̀sányìn kí wọ́n tó já a, kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n gba ewé wọlé, wọ́n fi ẹni tó mọ ewé sílẹ̀ ní ìta, nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n ka tirẹ̀ sí. Ọdún 2023 ni Ìgbìmọ̀ Ìlera orílẹ̀-èdè náà tó kọ ọ́ sínú ìpinnu kan pé kí a ka àwọn ilé wọ̀nyí sí ibi tó ń gbé ìlera àti ìwòsàn lárugẹ ní àfikún sí iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bínú sí i. Kò sí ẹni tó bínú báyẹn sí Reiki.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìlera (Ìbàdàn) tún kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ní rí ibi. Mo ti tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Mi ò ní fi orúkọ ìsọ̀rí kankan siwájú ẹni tí mo ń bi léèrè mọ́. Ohun tó mu, ohun tó jẹ, ohun tó fi pa ara, bóyá wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un, bóyá wọ́n gbàdúrà tàbí pe ọfọ̀ sí i, ni n ó máa béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó ṣe é fún un: oníṣègùn, babaláwo, alágbo, wòlíì tàbí ara ilé. Lẹ́yìn náà ni n ó béèrè bóyá ó dín oògùn dókítà kù nítorí rẹ̀, àti bóyá dókítà náà mọ̀ sí i. Èmi ni n ó pín wọn sí ìsọ̀rí nígbà tí mo bá délé, n ó sì ṣírò àbájáde lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àdúrà àti láìsí àdúrà, kí ẹni tó bá kà á lè rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìṣègùn ìbílẹ̀ yóò ní ojú ìwé tirẹ̀.

Ó ku ti bàbá tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún. Ṣé kí n fọ́ ìtọ́jú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni, tàbí kí n kà á sí ẹyọ kan?

ApòògùnIfẹ̀ dáhùn pé:

Ẹyọ kan ni kí ẹ kà á sí, nítorí bí ó ṣe gbà á nìyẹn, kí ẹ sì wá fàmì sí àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ẹyọ náà. Ẹ tún fi ìbéèrè nípa abẹ sí i, bóyá tuntun ni tàbí èyí tí wọ́n ti fi sín ẹlòmíràn, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí ìsọ̀rí kankan tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Ní ti ewé tí wọ́n fi jó ẹbu, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ tí bàbá náà bá pè é nìkan, torí pé orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ẹ tọrọ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn náà, èyí tó ní ewé àti òdòdó bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé àkójọ ewé tó wà ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó àti igi, ní Jẹ́ríkọ̀, ní Ìbàdàn. Wọn yóò bá yín wá orúkọ rẹ̀, wọn yóò sì fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ lè kọ sínú ìwé yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn náà bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú ewé náà wá, bí ó bá sì gbà, ẹ kọ ọ́ sí i.